Gáàsì Tí Bàbá Kì Í Dárúkọ

                                        Ilé Kẹrìnlá, Åsgatan,
                                        Hedemora.
                                        Ọjọ́ Keje, Oṣù Kọkànlá, 1994.

Siv àbúrò mi, ọmọ Ivar ọ̀rẹ́ bàbá mi,

Ṣé ire ni lẹ́tà yìí bá ọ? Ṣé ara le, ṣé ọkàn balẹ̀? Rolf àna wa ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń bẹ́ sínú òkun láràárọ̀, àbí òtútù Göteborg ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n? Linus ọmọ rẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká. Sọ fún un pé mo ní bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó máa fi ọwọ́ bo ẹnu, kí ẹyẹ má baà wọlé síbẹ̀. Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé eékún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lóṣù kẹjọ ti ń gbé wọn dáadáa? Bá mi kí wọn títí. Jáàmù tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan nílé yìí. Èmi kọ́ ni mo jẹ ẹ́ o. Bàbá ni. Ṣíbí ni wọ́n fi ń bu ú jẹ lásán, tí wọ́n á sì máa wojú Màmá bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ara tiwa náà le. Màmá ń kí ọ. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe ẹnu wọn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó jẹ́ ọjọ́ àwọn ẹni mímọ́, a lọ tan àbẹ́là sórí sàréè bàbá rẹ. Mẹ́ta la tàn: tiwa, tìrẹ, ti ìyá rẹ. Afẹ́fẹ́ pa tìrẹ lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá sì ń tún un tàn, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn tàn án.

Siv, jọ̀ọ́, tí o bá ń ka lẹ́tà yìí lórí ìdúró, wá àga kan fìdí lé. Ọ̀rọ̀ Bàbá ni. O mọ̀ pé oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n pé ọdún márùndínláàádọ́rin, tí wọn yóò sì fẹ̀yìn tì. Díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n gba ìwé-àṣẹ wẹ́dà lọ́wọ́ wọn kí ọjọ́ náà tó pé, kí wọ́n fi ìtìjú jáde níbi tí wọ́n ti fi ogójì ọdún ṣiṣẹ́. Èmi ọmọ wọn gan-an ni mo sì kọ ìwé tó fẹ́ kó ìtìjú náà bá wọn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ilé-iṣẹ́ wa ń kan táǹkì ńlá kan fún àwọn tó ń fi igi ṣe bébà lápá àríwá. Àsìdì àti omi iyọ̀ gbígbóná ni wọn yóò máa dà sínú rẹ̀, nítorí náà irin tuntun yẹn la lò, èyí tí kì í dípẹtà, tó sì le ju ti àtijọ́ lọ ní ìlọ́po méjì. Iṣẹ́ Bàbá ni láti jó o pọ̀. Iṣẹ́ tèmi, nínú làábù kékeré tí o wá wò lọ́jọ́sí tí o ní ó ń rùn bí ẹyin bàjẹ́, ni láti gé díẹ̀ lára ohun tí wẹ́dà kọ̀ọ̀kan bá jó, kí n rì í sínú omi olóró fún ọjọ́ kan, kí n wò ó bóyá yóò jẹ ẹ́.

Ìwọ nọ́ọ̀sì, má sá, n kò ní fi ẹ̀kọ́ irin pa ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o mọ̀. Ohun tó mú kí irin yìí le ni náítírójìn, gáàsì tí àwa ń pè ní kväve. Wọ́n máa ń fi í sínú irin nígbà tó bá ṣì ń hó. Kì í pọ̀: bí irin bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún kílò, gáàsì náà kò ju kílò méjì lọ. Àwọn ègé tíntìntín inú irin tò síra wọn bí igi ìdáná tí a tò sẹ́yìn ilé. Gáàsì náà á wá há sí àlàfo àárín wọn, wọn kò sì ní lè yọ̀ kúrò lórí ara wọn mọ́. Ohun tó ń mú irin lágbára nìyẹn. Òun náà ni kì í jẹ́ kí omi iyọ̀ rí ibi gbẹ́ ihò sí lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, irin á wú, á lu ihò bíi búrẹ́dì. Bí wẹ́dà bá sì tún yọ́ irin náà láti jó o pọ̀, gáàsì inú rẹ̀ á fẹ́ sá jáde. Ìdí nìyí tí a fi ń fi díẹ̀ lára rẹ̀ kún gáàsì tó ń tú jáde lẹ́nu irinṣẹ́ wẹ́dà, kí ó lè dípò èyí tó sá lọ.

Ó tán. O rí i pé kò pa ọ́.

Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹta sẹ́yìn ni mo rì wọ́n sínú omi olóró, wẹ́dà mẹ́rin. Nígbà tí mo yọ wọ́n ní Ọjọ́rú, mẹ́ta ń dán. Ti Bàbá nìkan ló lu. Ihò kéékèèké ló kún ojú ibi tí wọ́n ti jó o, bí aṣọ òtútù tí kòkòrò jẹ. Mo rò pé mo ti ṣi àmì fi sí i ni. Mo tún òmíràn gé, mo tún un rì. Bákan náà ló rí. Siv, Bàbá tí àwọn wẹ́dà yòókù ń dúró wo ọwọ́ wọn bí ẹni wòran! Mo jókòó ti ìwé náà fún ìdajì wákàtí kí n tó lè buwọ́ lù ú.

Tage ọ̀gá wa pe Bàbá, ó ní kí wọ́n tún gbogbo ìsopọ̀ inú táǹkì náà jó. Bí ó bá tún lu lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kò sí ohun tí òun lè ṣe, ìwé-àṣẹ wọn ti lọ nìyẹn. Nígbà tí a délé, Bàbá jókòó síwájú ọbẹ̀ ẹ̀wà tí a máa ń jẹ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, wọ́n kàn ń fi ṣíbí rò ó.

Wọ́n ní, “Dagny, ṣé o gbọ́ pé ọmọ rẹ ti já mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́?”

Màmá ní, “Ẹ wò ó bí ayé ṣe rí! Nígbà tó gboyè, ọmọ yín ni. Lónìí ó ti di ọmọ tèmi.”

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Páńkéèkì tí Màmá dín sílẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ síbi táǹkì nígbà tí Bàbá kò sí níbẹ̀, mo wo sílíńdà gáàsì wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn sí mi kedere. Bàbá ti yọ èyí tí a fi náítírójìn díẹ̀ sí, wọ́n ti fi ágọ́nì lásán, gáàsì mìíràn tí àwọn wẹ́dà máa ń lò, rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ágọ́nì nìkan kò lè ṣe é. Gáàsì inú irin ń sá lọ, kò sì sí èyí tó ń wọlé dípò rẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ Bàbá ló gọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Mo bi wọ́n. Wọn kò tilẹ̀ sẹ́. Wọ́n ní, “N kò ní gbé nǹkan yẹn wọ inú táǹkì tí èèyàn ń mí nínú rẹ̀.”

“Nǹkan wo, Bàbá?”

“O mọ nǹkan tí mò ń wí. Ṣé àwọn baba wa tó sọ ọ́ lórúkọ kò gbọ́n ni?”

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé láti kékeré n kò gbọ́ ọ rí kí orúkọ náà jáde lẹ́nu wọn. Kväve. Ojoojúmọ́ là ń pè é, a kì í sì í ronú ohun tó túmọ̀ sí: afúnnilọ́rùn, èyí tó ń fún èèyàn pa. Mo sì rántí bàbá rẹ, tó kú sínú táǹkì tí gáàsì yìí kún. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó rí ekòló, yóò sá. Mo rò pé gbogbo ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, àánú Bàbá sì ṣe mí débi pé n kò lè bá wọn jà.

Mo dá ọgbọ́n kan. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jó ègé irin méjì fún mi níta gbangba, ọ̀kan pẹ̀lú ágọ́nì lásán, ọ̀kan pẹ̀lú èyí tí wọn kò fẹ́ dárúkọ. Mo ní bí méjèèjì bá rí bákan náà, èmi ni n ó máa fọ abọ́ fún Màmá títí di Kérésìmesì. Wọ́n ní, “Ìwọ tí o máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀ nídìí ìkòkò?” Ṣùgbọ́n wọ́n jó o. Wọ́n na ọwọ́ jìnnà sí ara wọn bí ẹni tó ń bọ́ ajá tí kò gbẹ́kẹ̀ lé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n wá sí làábù fúnra wọn. Mo yọ ègé méjèèjì nínú omi olóró, mo fọ̀ wọ́n, mo tẹ́ wọn sórí aṣọ funfun. Ọ̀kan ti lu jákèjádò. Ọ̀kan ń dán, èèyàn lè fi í wo eyín. Bàbá mú èyí tó ń dán, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé ojú ìsopọ̀ náà.

Mo ní, “Bàbá, láti ọdún mẹ́jọ tí ẹ ti ń yin irin yìí pé kò sí irú rẹ̀, nǹkan náà ló wà nínú rẹ̀ tí ẹ ń yìn. Nínú afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí sínú báyìí, bí a bá pín in sọ́nà márùn-ún, mẹ́rin ni tirẹ̀. Kì í ṣe òun ló pa Bàbá Siv. Àìsí afẹ́fẹ́ tó ṣeé mí nínú táǹkì yẹn ni.”

Wọ́n ní, “Mo mọ̀. Kì í ṣe òun. Èmi ni.”

Siv, n ó kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, n kò ní bu iyọ̀ sí i, n kò ní yọ iyọ̀ kúrò.

O mọ ohun tí wọ́n ti ń sọ fún gbogbo wa láti ọdún 1961. Wọ́n ní bàbá rẹ dá wọ inú táǹkì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìjọba nìyẹn. Ohun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń bú ọ nìyẹn, pé àìgbọ́ràn ló pa bàbá rẹ. Mo rántí ọjọ́ tí o gé Lennart jẹ lápá nítorí rẹ̀.

Bàbá ní, “Irọ́ ni. Ivar sọ fún mi. Ó ní òun gbàgbé tọ́ọ̀ṣì òun sínú táǹkì, òun fẹ́ lọ mú un. Ó ní, ‘Helmer, dúró dè mí lẹ́nu ibí.’ Mo ní mo ti dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni agogo kọfí lù. Aago mẹ́sàn-án. O mọ bí a ṣe ń ṣe. Gbogbo ọwọ́ ló ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kódà bí òòlù bá wà lókè. Wọ́n pè mí, mo sì lọ. Mo rò pé ó ti ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo ti mu ife kan tán kí n tó rí i pé àga rẹ̀ ṣófo. Ó ń dùn mí pé mo rẹ́rìn-ín nídìí kọfí yẹn. Ẹnì kan pa àwàdà, mo sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, ó ti dojú bolẹ̀ lórí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, iná rẹ̀ ṣì ń tàn. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé gáàsì yẹn ṣì kù nínú táǹkì. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ìmí méjì péré, èèyàn ti ṣubú, kò ní lè ké. Nígbà tí ọ̀gá bi wá pé ta ló mọ̀ pé ó wọlé, gbogbo èèyàn dákẹ́. Èmi náà dákẹ́.”

Inú bí mi, Siv. N kò ní purọ́ fún ọ. Mo kẹ̀yìn sí wọn, mo sì ń fọ ife tó mọ́ tẹ́lẹ̀ nínú làábù yẹn. Mo ronú ìyá rẹ tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá dárúkọ bàbá rẹ, ṣe ni wọ́n máa ń sọ pé, “Ó lágídí.” Wọ́n ń bínú sí òkú fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nítorí ohun tí kò ṣe. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn mi yẹn ni bàbá mi, ẹni tó kọ́ èmi àti ìwọ ní bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, tó ń wá kó igi ìdáná sílé yín lọ́dọọdún kí òtútù tó mú. Mo ti máa ń rò pé inúure lásán ni. Inúure ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun mìíràn tó wà nínú igi náà báyìí.

Nígbà tí mo yíjú padà, mo ní, “Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún Siv.” Wọ́n ní ọwọ́ àwọn mọ irin í jó, kò mọ ìyẹn í kọ, kí n bá àwọn kọ ọ́. Mo ní n ó kọ ìròyìn, ṣùgbọ́n tiwọn, ọwọ́ wọn ni yóò kọ ọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ó dára.”

Ní Ọjọ́rú wọ́n so sílíńdà tó yẹ mọ́ irinṣẹ́ wọn. Òfin òde òní ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu táǹkì bí wẹ́dà bá wà nínú rẹ̀, kí fáànù máa fẹ́, kí ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ máa ṣiṣẹ́. Mo sọ fún Tage pé èmi ni n ó dúró. Ó wò mí, ó wo Bàbá, kò bi mí ní ìdí. Bàbá rá wọlé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n á dáwọ́ dúró, wọ́n á pè: “Ingalill!” N ó ní, “Mo wà níbí!” Wọ́n á tún máa jó o lọ. Ó tó ìgbà mẹ́wàá tí wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀, bí ọmọ kékeré tó wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé onílé.

Aago mẹ́sàn-án lù. Àwọn èèyàn ń kọjá lára mi, wọ́n ń nu ọwọ́. Tage ní, “Ingalill, búrẹ́dì dídùn wà níbẹ̀ lónìí o, wọn ò ní ṣẹ́ kù sílẹ̀ dè ọ́.” Mo mi orí fún un. Iná wẹ́dà kú nínú táǹkì. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́, fáànù nìkan ló ń dún.

Bàbá ní, “Agogo ti lù.”

“Mo gbọ́ ọ, Bàbá.”

“Lọ mu kọfí rẹ.”

“N kò lọ.”

Nígbà tí iná kò tún tàn, mo tẹ orí bọ ẹnu táǹkì láti wò wọ́n. Wọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n fi iwájú orí ti ara irin. Lẹ́yìn náà wọ́n fa ìbojú wálẹ̀, iná sì tún tàn. Nígbà tí wọ́n jáde, ojú wọn pọ́n bí ata. Wọ́n ní èéfín ni. Mo ní èéfín ni.

Mo gé ohun tí wọ́n jó, mo rì í sínú omi olóró, mo yọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Kò sí ihò kan ṣoṣo. Ó ń dán bí ojú ọmọ tuntun. Ìwé-àṣẹ wọn kò kúrò lọ́wọ́ wọn. Tage bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n máa múra ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì wọn. Wọ́n dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú wọn kò dùn tó bí mo ṣe rò. Wọ́n ní ìsopọ̀ kan ṣoṣo ló kù nínú táǹkì náà, Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yìí ni àwọn yóò jó o, òun ló sì máa kẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ àwọn láyé. Wọ́n fẹ́ kí n bi ọ́ bóyá o lè wá, kí o jẹ́ ẹni tí yóò dúró lẹ́nu táǹkì lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní bí o bá kọ̀, àwọn kò ní bi ọ́ ní ìdí. Wọ́n ní bí o bá wá, tí ó jẹ́ pé èébú lo fẹ́ wá bú àwọn, kí o bú àwọn tán kí àwọn tó wọlé, kí ọwọ́ àwọn má baà gbọ̀n.

Èmi kò bẹ̀ ọ́ o. Ẹ̀tọ́ rẹ ni láti bínú, mo sì ń bínú díẹ̀ bá ọ. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé yàrá rẹ wà níbẹ̀, pé ibùsùn ti wà ní títẹ́, yálà o wá wo Bàbá tàbí èmi nìkan lo wá wò.

Kí Rolf, kí o fi ẹnu ko Linus lẹ́nu níbi tí eyín rẹ̀ kò sí yẹn. Ìyá rẹ ni mo ń rò jù. Ìwọ lo mọ bí o ṣe máa sọ ọ́ fún wọn, kí wọ́n má baà gbọ́ ọ lójijì. Màmá ní kí n kí gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sunkún nílé ìdáná bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí àwọn náà kò mọ̀ títí di àná.

Ìwé Bàbá wà nínú àpòòwé yìí. Wọ́n ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tó kọ ìwé àkọ́kọ́ nígbà náà lọ́hùn-ún, kí wọ́n lè wẹ orúkọ bàbá rẹ mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n ba odindi ìdì bébà jẹ́, gbólóhùn méjì péré ló sì kù níbẹ̀. Ọwọ́ wọn kò dára, nítorí náà mo tún un kọ síbí kó má baà rú ọ lójú: “Ivar sọ fún mi kó tó wọlé. Èmi ni mo sọ pé mo ń dúró dè é.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò ní ẹlòmíràn bíi tìrẹ,

Ingalill